Robert Chesebrough: ọkùnrin tó rí Vaseline lára ọ̀pá ẹ̀rọ epo

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí àwọn òkè Ìdáàṣà, ojú àti ètè ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Awọ á gbẹ, á máa là, ọṣẹ á sì máa ta á. Àwọn kan á mú òrí, àwọn mìíràn á ra Vaseline. Òrí kì í ṣe àlejò ní agbègbè Collines wa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ṣe Vaseline? Ìtàn rẹ̀ la mú wá fún yín lónìí, pàápàá fún ẹni tí ìpara abóra ti ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Robert Augustus Chesebrough ni orúkọ rẹ̀. Ìlú London ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní, ọdún 1837, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà làwọn òbí rẹ̀, New York ló sì ti dàgbà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ó sì ń ṣe epo àtùpà láti ara ọ̀rá àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun.

Lọ́dún 1859, wọ́n gbẹ́ kànga ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n sì kan epo rọ̀bì. Chesebrough rí i pé ọjà òun fẹ́ kú. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Kò káwọ́ lérí. Ó gbéra, ó lọ síbẹ̀ láti fojú ara rẹ̀ rí i.

Epo kọ́ ló gbà á lọ́kàn jù níbẹ̀. Nǹkan dúdú kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo, tó sì máa ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kórìíra rẹ̀. Síbẹ̀, bí nǹkan bá gé wọn lọ́wọ́, tàbí tí iná jó wọn, òun náà ni wọ́n ń fi pa ojú egbò.

Chesebrough bu díẹ̀ lọ sí Brooklyn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá ọ̀nà tí yóò fi mọ́. Èédú egungun ẹran ló fi ń sẹ́ ẹ, títí ó fi di ìpara tó mọ́, tí kò lóòórùn, tí kì í kan bí ọ̀rá ẹran. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1870. Lọ́dún 1872, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí Vaseline.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó dá. Nígbà tí àwọn olóògùn kò kọ́kọ́ fẹ́ rà á, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin káàkiri ìpínlẹ̀ New York, ó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò fi iná tàbí ásíìdì jó ara rẹ̀ lójú èrò, yóò fi ìpara náà pa á, yóò sì fi àwọn egbò àtijọ́ tó ti jinná hàn wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóògùn, ni àwọn yẹn náà bá ń wá a.

Ó dàgbà, ó darúgbó. Wọ́n ní ó máa ń jẹ ṣíbí Vaseline kan lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọdún 1933 ló kú, lẹ́ni ọdún 96.

Chesebrough gbà pé ìpara náà ló ń wo egbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara wa dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí ọ̀rá dúró bíi sìmẹ́ńtì láàárín rẹ̀. Ọyẹ́, ọṣẹ líle àti ìpara abóra máa ń jẹ ọ̀rá náà, omi inú awọ á sì máa sá lọ. Vaseline kò fi omi kún un. Ó kàn ń ṣe ìdérí tí kò jẹ́ kí omi sá. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó máa ń wọ inú àlàfo awọ, kò sì dí awọ lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Awọ ló ń wo ara rẹ̀.

Àwọn ìbòjú olómi tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní ìlú ńlá, iṣẹ́ tó jọ èyí ni wọ́n ń ṣe: kí ojú lè rí omi, kó sì tù ú. Ẹni tí kò lówó rẹ̀ lè fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú lálẹ́, láìsí kànrìnkàn, kó fi ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí omi tó gbẹ. Ẹni tó bá ní irorẹ́ púpọ̀, kó ṣọ́ra. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó èèyàn, kó má tẹ̀lé Chesebrough: omi tútù tó ń ṣàn ni kó kọ́kọ́ lò fún ogún ìṣẹ́jú.

Ní ti ojú tí ìpara abóra ti bó, òmíràn tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó dá a dúró, torí ojú lè wú bí ẹ bá já a lójijì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí awọ sinmi.