Howard Ricketts: Dókítà tó wá ilé ibà eégbọn kàn

Bí wọ́n bá ní àrùn kan ti fi àdúgbò kan ṣelé, kí ni wọ́n fi mọ̀? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Howard Taylor Ricketts, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti kú láti ọdún 1910.

Ìlú Findlay, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n bí i sí ní 1871. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Northwestern, ó wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago. Ní 1906 ló forí lé àfonífojì Bitterroot ní ìpínlẹ̀ Montana. Ibà burúkú kan ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún tí yìnyín bá ti ń yọ́. Orí á máa fọ́ni, ara á gbóná janjan, àmì pupa á wá bo ara. Àwọn tó ń kú nínú àwọn tó mú ju ìdajì lọ.

Ohun tó rúni lójú ni pé apá ìwọ̀ oòrùn odò Bitterroot ló ti ń jà jù. Àwọn tó ń gbé lápá kejì odò kì í sábà kó o. Àwọn ará ibẹ̀ kan ní omi yìnyín tó ń sàn bọ̀ láti orí òkè ló fà á. Wilson àti Chowning, dókítà méjì, ti nawọ́ sí eégbọn ní 1902, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ò gbà.

Ricketts ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú eégbọn, ó jẹ́ kó mu ẹ̀jẹ̀ guinea pig tó ń ṣàìsàn, ẹran kékeré tó fẹ́ jọ òkété. Lẹ́yìn náà ó gbé eégbọn yẹn sára èyí tí ara rẹ̀ le. Òun náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò dúró síbẹ̀ o. Ó ṣàyẹ̀wò eégbọn tí wọ́n kó nínú igbó àfonífojì náà gan-an, ó sì rí i pé díẹ̀ nínú wọn ti ní àrùn lára. Ó tún rí i pé ìyá eégbọn lè kó o ran ẹyin rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Pé aláìsàn kan wà ládùúgbò ò tó ẹ̀rí, torí ó lè jẹ́ ibòmíì ni eégbọn ti jẹ ẹ́. Pé eégbọn pọ̀ níbẹ̀ náà ò tó, torí ọ̀pọ̀ eégbọn ò gbé àrùn kankan. Àfi kí àwọn tí kò rìnrìn àjò máa kó o, kí wọ́n sì bá àrùn náà lára eégbọn ilẹ̀ yẹn.

Nígbà tí owó tí Montana fẹ́ fi ṣiṣẹ́ náà falẹ̀, Ricketts gba Mexico lọ láti wádìí typhus, ibà tí iná inú aṣọ ń gbé kiri. Typhus yẹn ló pa á níbẹ̀, lọ́jọ́ 3, oṣù Karùn-ún, 1910. Ẹni ọdún 39 péré ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Ní 1916, Rocha Lima, ọmọ Brazil, fi orúkọ rẹ̀ sọ ìdílé kòkòrò àìfojúrí wọ̀nyí: Rickettsia.

Títí dòní, ibà Òkè Rocky ni wọ́n ń pe ibà Bitterroot. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn ìpínlẹ̀ bíi North Carolina, Tennessee, Missouri, Arkansas àti Oklahoma, tó jìnnà sí òkè yẹn, ló ń rí i jù lọ ní Amẹ́ríkà báyìí. Oògùn doxycycline ń wò ó, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Dókítà tó bá gbójú lé orúkọ, tó ní kò sí i ládùúgbò òun, lè jẹ́ kí aláìsàn kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwa náà ní eégbọn lára ajá àti màlúù wa. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má yára sọ pé àrùn ò sí níbẹ̀.