BUSTER KEATON, ALÁWÀDÀ TÍ KÌ Í RẸ́RÌN-ÍN

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1895 ni a bí Joseph Frank Keaton ní Piqua, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òṣèré alárìnkiri ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ibi tí eré gbé wọn dé ni a sì bí i sí. Ní ẹnu àwọn òṣèré ìgbà náà, Buster ni orúkọ ìṣubú tí ó le. Ìtàn ìdílé wọn ni pé ọmọ náà yí gbirigbiri láti orí àtẹ̀gùn, kò sì farapa, ni orúkọ yìí bá mọ́ ọn lórí.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó fi ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣeré. Bàbá rẹ̀ a máa gbé e sọ káàkiri orí ìtàgé bí ẹni ń ju ẹrù. Wọ́n tilẹ̀ rán ìdìmú àpótí mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Àwọn tí ń gbèjà ọmọdé fi ẹ̀sùn kan bàbá náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ara ọmọ wò, a kò rí ojú ọgbẹ́ kankan. Ó ti mọ bí a ti í ṣubú: ó ń dẹ ara, ó sì ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ gba ilẹ̀. Ó tún kíyè sí i pé bí òun bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn òǹwòran a dínkù. Bí ojú òun bá sì dúró bí ojú ère, ẹ̀rín a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ojú ère náà ni ó fi ṣiṣẹ́ títí ayé rẹ̀.

Ọtí ni ó tú ẹgbẹ́ wọn ká ní ọdún 1917. Ọwọ́ bàbá tí ó ti mutí yó kò dúró mọ́, ewu sì wọ inú eré. Ní ọdún kan náà ni Keaton pàdé Roscoe Arbuckle ní New York, ẹni tí ó mú un wọ inú sinimá. Ó yá ẹ̀rọ ayàwòrán, ó sì tú u palẹ̀ láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1920, ó ti ń ṣe sinimá tirẹ̀. Sinimá kò tíì máa fọhùn nígbà náà. Ara ni òṣèré fi ń sọ̀rọ̀. Nínú Steamboat Bill, Jr. ti ọdún 1928, iwájú ilé kan wó lù ú, ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó gbà á là. Ògiri gidi ni. Bí ó bá sún díẹ̀, ì bá kú.

Ní ọdún náà ni ó bá ilé-iṣẹ́ MGM ṣe àdéhùn. Òun ni ó ti ń pinnu iṣẹ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń pinnu fún un. Ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká ní ọdún 1932, ọtí sì borí rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé àgbà tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Keaton kò fi ti bàbá rẹ̀ ṣe àríkọ́gbọ́n. MGM lé e ní ọdún 1933. Nígbà tí ó yá, ó padà síbẹ̀ láti máa hùmọ̀ àwàdà fún àwọn òṣèré mìíràn, ní owó tí kò tó nǹkan. Kò kọ iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1940 ó fẹ́ Eleanor Norris, oníjó, ẹni tí ó dúró tì í gbágbáágbá. Ní ọdún 1947 ó ṣeré ní Cirque Medrano ní Paris. Ní ọdún 1949 ó bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Los Angeles. Bí ó ti ń ṣe é ni àwọn ènìyàn ń wò ó nínú ilé wọn. Kò sí ààyè àtúnṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà le. Àwàdà kan ṣoṣo lè bọ́ òṣèré alárìnkiri fún ọdún kan, láti ìlú dé ìlú. Tẹlifíṣọ̀n a máa jẹ ẹ́ tán ní alẹ́ kan, a sì tún béèrè òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Keaton ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó ṣì ń fi ara rẹ̀ lulẹ̀ bí ọmọdé.

Ní ọdún 1960 a fi ẹ̀bùn Oscar dá a lọ́lá, àwọn sinimá rẹ̀ àtijọ́ sì tún di ohun tí ayé ń wò. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1966, ní ẹni 70 ọdún. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bí a ti í ṣubú lórí ìtàgé. Bí a ti í dìde nínú ìṣubú ilé ayé, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.