Màmá Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, Olórí Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó

Àwọn obìnrin inú Bíbélì àti àwọn ìyá ìjọ tó ti sùn nínú Olúwa la sábà máa ń kọ̀wé nípa wọn ní ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa la mú wá. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹja ni wọ́n ń tà, wọn kò sì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí wa. Lìdíà tó ń ta aṣọ elésèé àlùkò ní Fílípì, oníṣòwò ni kí Pọ́ọ̀lù tó bá a pàdé, ilé tirẹ̀ ló sì gba àwọn àpọ́sítélì sí. Ìtàn obìnrin tó fi ọjà rí ohùn láwùjọ kò ṣàjèjì sí àwa onígbàgbọ́.

Èkó ni wọ́n bí Màmá Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà sí, ní nǹkan bí ọdún 1865. Ẹja ni ìyá tó bí wọn lọ́mọ ń tà, òwò ìyá wọn náà ni wọ́n sì bá lọ. Ẹni tó bá mọ òwò ẹja mọ̀ pé kì í ṣe òwò ọ̀lẹ. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí a kò tíì tà á, owó ti wọmi nìyẹn. Màmá mọ òwò yìí dójú àmì, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1910, òkìkí wọn ti kàn débi pé Ọba Èṣùgbàyí Elékò fi wọ́n joyè. Ọjà Eréko ni wọ́n ti di alága.

Ní àwọn ọdún 1920 ni Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó fìdí múlẹ̀, Màmá sì di olórí rẹ̀. Herbert Macaulay, olóṣèlú tí gbogbo Èkó mọ̀ nígbà náà, wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Macaulay ló ń ti àwọn obìnrin náà síwá sẹ́yìn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun náà nílò wọn, nítorí ibi tí wọ́n bá fẹ́ ni èrò ọjà máa ń tẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni agbára wọn wà. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń dá owó ẹgbẹ́. Nínú owó náà ni wọ́n ti ń san owó fún akọ̀wé tó mọ̀wé, tó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló gba ọkùnrin tó kàwé síṣẹ́ yìí o, kí ọ̀rọ̀ òun lè dé iwájú àwọn aláṣẹ. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá sì ti parí, wọ́n á tẹ ìka sí i. Ní ọdún 1932, wọ́n fi Màmá sínú Ìgbìmọ̀ Ìlú, kí wọ́n máa ṣojú àwọn obìnrin ọjà níbi tí àwọn ìjòyè ti ń jókòó.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba pinnu pé kí wọ́n kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó bá tajà rí. Oníbàárà mọ ibi tí ó ti ń bá ọ, gbèsè tó wà níta mọ ọ̀nà ìsọ̀ rẹ, ọdún mélòó ni yóò gbà kí gbogbo rẹ̀ tó tún bọ̀ sípò? Màmá àti àwọn obìnrin ọjà kọ̀, wọn kò ṣí kúrò. Ìjọba kó Màmá àti àwọn mìíràn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí àwọn obìnrin Èkó gbọ́, wọ́n tú jáde, ariwo náà kò sì rọlẹ̀ títí wọ́n fi dá àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀. Wọn kò kó ọjà náà lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló tẹ̀ lé e. Láti 1932 ni wọ́n ti ń gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn aṣojú wọn lọ béèrè, ìjọba sì fi dá wọn lójú pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di 1940, tí ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀, òfin owó orí tuntun dé, ó sì kan obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún. Ẹ rántí pé láti 1922 ni àwọn ọkùnrin Èkó tí owó wọn tó £100 lọ́dún ti ń dìbò yan aṣojú sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Obìnrin ńkọ́? Ìbáà ṣe £1,000 ló ń wọlé fún un, kò ní ìbò. Wọ́n fẹ́ gba owó rẹ̀, wọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n dà lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà. Wọ́n sì tún pé jọ ní Gbọ̀ngán Glover. Màmá ló ṣáájú. Kò pẹ́ tí ìjọba fi sún iye náà sókè láti £50 dé £200, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Màmá kò kúkú fẹ́ kí obìnrin kankan san án rárá, nítorí náà wọn kò ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun tó pé.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù lọ nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ Pullen. Oúnjẹ wọ́n nígbà ogun, ìjọba sì fi ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Captain Pullen ṣe olórí ètò tí yóò máa fi iye kan dé ọjà lórí. Iye tí ìjọba bá dá ni kí a ta gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, láìka iye tí alájàpá rà á ní Ìjẹ̀bú tàbí owó tó fi wọ ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọlọ́pàá ń bọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Oúnjẹ pòórá lórí àtẹ. Ẹni tó ní gààrí ń tà á ní bòókẹ́lẹ́, ní iye tó wù ú, àwọn aráàlú sì ń tò lọ bẹẹrẹbẹ síbi tí ìjọba ti ń tajà, tí ọ̀pọ̀ á tún padà pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Àwọn obìnrin ọjà kọ lẹ́tà, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n ṣàlàyé títí.

Pullen rí i pé bí Màmá bá lè gbà, àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun yóò máa san £100 fún wọn lóṣooṣù, kí wọ́n ṣáà bá òun gbé ètò náà lárugẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà kò lè kúrò lára wa. £100 lóṣù jẹ́ £1,200 lọ́dún. £50 lọ́dún ni ìjọba kan náà ń pè ní owó ńlá lọ́wọ́ obìnrin ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn! Màmá kọ̀ ọ́. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kò ní gba owó láti fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí àwọn sí. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ń lọ nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá owó tí wọn yóò fi sinmi.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò ká oúnjẹ mọ́. Àwọn obìnrin ọjà dúró tì wọ́n. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ká ètò Pullen kúrò nílẹ̀.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó ń dùn wá. Ní àkókò kan náà, àwọn obìnrin tó kàwé wà ní Èkó, àwọn ọmọ ìjọ bíi tiwa, tí wọ́n ń wọ bàtà àti fìlà lọ sí ìsìn. Ní 1944, Arábìnrin Oyinkan Abayọ̀mí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Obìnrin sílẹ̀. Wọ́n ń jà fún ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, fún iṣẹ́ ìjọba, fún ìbò, wọn kò sì gbàgbé àwọn oníṣòwò. Ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò di ọ̀kan. Àwọn tó mọ̀wé kò ní èrò lẹ́yìn, àwọn tó ní èrò lẹ́yìn kò mọ̀wé. Ó rọrùn láti dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ìgbà mélòó ni àwa gan-an ti gba ẹ̀yìn ọjà ẹja kọjá tí a fi gèlè bo imú? Owó ẹja àti owó gààrí ni wọ́n sì fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé àwọn tíṣà. Ní Abẹ́òkúta, Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn. Wọ́n kó àwọn obìnrin ọjà mọ́ra, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, nígbà tí ìjà owó orí tiwọn sì dé ní 1947, tọ̀mọ̀wé tọ̀lọ́jà ló jọ jáde.

Ní ọdún 1950, wọ́n dìbò fún Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó, gbogbo àgbàlagbà ló sì ní ẹ̀tọ́ sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. Obìnrin tí kò mọ̀wé ní ìbò bíi lọ́yà. Màmá Pẹlẹ́wúrà ṣì wà láyé nígbà náà. Ní ọdún kejì, 1951, wọ́n papòdà, àwọn èrò tó sì tẹ̀ lé òkú wọn lọ sí ìsìnkú tó ọ̀kẹ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.