Carleton Watkins, ọkùnrin tó ru dígí gun òkè

Púpọ̀ nínú àwọn tí a máa ń kọ ìtàn wọn sí abala yìí ni ìgbẹ̀yìn wọn dùn. Ti Carleton Watkins kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ láàárín wa, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ló ń rí ẹ̀rí jẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìlú Oneonta ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i ní 1829. Nígbà tí ariwo wúrà California gba ìlú kan, òun náà gbọ̀nà ibẹ̀ lọ ní 1851, ó tẹ̀lé oníṣòwò kan tí wọ́n jọ gbé Oneonta, Collis Huntington. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Huntington yìí sọ́kàn. Òun di olówó rélùwéè. Watkins ní tirẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ fọ́tò ní San Francisco.

Ní 1861 ó múra láti lọ ya àfonífojì Yosemite, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta tó ga fíofío. Láyé ìgbà náà, kò rọrùn láti sọ fọ́tò kékeré di ńlá. Bí o bá fẹ́ fọ́tò ńlá, àfi kí dígí tí o fi yà á náà tóbi. Watkins bá ní kí wọ́n kan kámẹ́rà kan tí dígí ínṣì 18 sí 22 lè wọ̀. Ìbaaka bíi méjìlá ló ru ẹrù rẹ̀ wọ inú àwọn òkè náà: dígí, kẹ́míkà, àgọ́ dúdú àti oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka fọ́tò, ẹ gbọ́ bó ṣe ń yà á. Yóò wọ inú àgọ́ tó ṣókùnkùn, yóò da kẹ́míkà kan tó ń fà bí àtè sójú dígí, yóò máa yí i títí yóò fi tàn kárí láìsí ibi tó nípọn jù. Yóò rì í sínú omi fàdákà, yóò sì gbé e tutù tutù lọ síbi tí kámẹ́rà wà. Bó bá ti yà á tán, yóò sáré padà wọ àgọ́ láti fọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ, nítorí bó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú oòrùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní. Eruku lè bà á jẹ́, dígí sì lè fọ́ lẹ́yìn ìbaaka lójú ọ̀nà àbọ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ewé, fọ́tò náà á ṣú, nítorí náà yóò dúró dìgbà tí igbó bá dákẹ́. Fọ́tò ńlá 30 ló mú bọ̀, àti kéékèèké 100.

Ohun tó fara balẹ̀ fún òkè náà ló fara balẹ̀ fún etíkun. Ó ya etíkun Mendocino ní 1863. Ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Farallon, àwọn àpáta tó wà lójú òkun níwájú San Francisco, ó ya kìnnìún òkun tó ń yá oòrùn àti àwọn ẹyẹ òkun tó tò jọ bí èrò ọjà. Ẹyin àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni àwọn èèyàn ń kó lọ tà ní San Francisco nígbà tí adìyẹ ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ìyà tó wà nínú kí ènìyàn fi irú kámẹ́rà yẹn ya ohun tó ń mí!

Ní oṣù Kejìlá 1862, ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará New York rí fọ́tò Yosemite rẹ̀ níbi àfihàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1864, Ààrẹ Lincoln, ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ California rí, fọwọ́ sí òfin tí Sẹ́nétọ̀ John Conness gbé wá, pé kí ìpínlẹ̀ California máa tọ́jú àfonífojì náà àti igbó igi ńláńlá Mariposa fún gbogbo ènìyàn. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn fọ́tò náà wà lára ohun tó la àwọn aṣòfin lójú.

Ohun kan wà tí fọ́tò náà kò sọ. Ẹni tó bá wò wọ́n á rò pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ni. Ṣùgbọ́n ní 1851, àwọn ọmọ ogun Mariposa ti ya wọ ibẹ̀ láti lé àwọn Ahwahneechee tí wọ́n nilẹ̀ kúrò. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá rí bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́.

Òkìkí Watkins kàn dé Paris, ó gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀ ní 1867. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òkè kan ní Yosemite. Ó ṣí ilé àfihàn ńlá ní San Francisco, gbèsè sì ká a mọ́bẹ̀. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ilé àfihàn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo dígí rẹ̀. Ayàwòrán kan, Isaiah Taber, wá ń tẹ fọ́tò Watkins tà lórúkọ ara rẹ̀. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Watkins gbé kámẹ́rà, ó padà sí Yosemite, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn òkè kan náà lọ́tun. Ó ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ní 1879 ló fẹ́ Frances Sneed, wọ́n sì bí ọmọ méjì.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, oríkèé sì ń ro ó. Láàárín 1895 sí 1896, inú ọkọ̀ rélùwéè kan tó dúró sójú kan ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Huntington tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló wá fún un ní oko kékeré kan ní Capay.

Ní 1906, Yunifásítì Stanford ti fẹ́ ra gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin, iná sì tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ jóná kanlẹ̀. Fọ́tò kan wà tí ẹlòmíràn yà lọ́jọ́ náà: bàbá arúgbó kan mú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń fà á lọ lójú títì. Òun nìyẹn. Ti Taber náà jóná, tó fi jẹ́ pé àtèyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àtèyí tó tún yà, iná kan náà ló jó wọn.

Láàárín wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gba oríyìn níkẹyìn. Mo ti yẹ ìtàn Watkins wò síwá sẹ́yìn, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó fa iná yẹn. Jóòbù tilẹ̀ gba ìlọ́po méjì. Watkins kò gba nǹkan kan. Ní 1910 wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Napa, ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà 1916. Wọ́n sin ín sínú ọgbà ilé ìwòsàn náà láìfi àmì kankan sórí sàréè rẹ̀.

Àwọn fọ́tò tó ti tà tàbí tó ti fún ènìyàn kí iná tó jó ló kù. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìkówèésí àti ní ilé ọnà ńlá bíi Metropolitan ní New York àti Getty ní Los Angeles. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù: òkè tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó hàn lódindi nínú omi adágún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kò sí ewé kan tó mì.