Thomas Peters, Ẹni Tí Ó Wá Ilẹ̀ Òmìnira

Ní ọdún 1776, àwọn ará Amẹ́ríkà já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn. Wọn kò ka àwọn ẹrú tí ń ro oko wọn mọ́ ọn. Ní ọdún náà gan-an ni Thomas Peters, tí ìtàn kan sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá ni, sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ní Wilmington. Ó bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ṣèlérí òmìnira àti ilẹ̀, ó sì di sájẹ́ǹtì.

Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1783, a kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Nova Scotia, níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi. Òmìnira tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ilẹ̀ kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí sì ni òmìnira àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀? Peters kó ẹ̀bẹ̀ wọn sínú ìwé, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1790, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè jí i gbé padà sí oko ẹrú lójú ọ̀nà. Granville Sharp àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1792, ọkọ̀ 15 kó nǹkan bí ènìyàn 1,190 láti Halifax wá sí Sàró, wọ́n sì tẹ Freetown dó. Peters fẹ́ kí wọ́n máa ṣe àkóso ara wọn. John Clarkson, òyìnbó tí ó jẹ́ olórí wọn, kò gbà. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán tí ibà fi pa Peters ní oṣù kẹfà.

Ìlú yìí kan náà ni a mú Àjàyí Crowther wá ní ọdún 1822, nígbà tí a gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú.