Olóògbé Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Ọ̀gá Òṣèré: Ìtàn Ìgbésí Ayé Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Ará Àjò

 

Ó ti di àṣà wa nínú ìwé ọdọọdún yìí láti mú ẹnì kan nínú àwọn àgbà Yorùbá tó ti lọ, kí a sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Lọ́dún yìí, olóògbé Ẹlíjà Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá ni a mú, a sì ní ìdí. Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ ẹgbẹ́ kí a fún wọn lówó láti ṣe eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí lọ́jọ́ àjọ̀dún wa. Àwọn kan dìde nínú ìpàdé, wọ́n ní owó ẹgbẹ́ wà fún ìsìnkú, fún aláìsàn àti fún ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, pé kò sí fún ẹ̀rín rínrín. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá mọ́, pé èyí gan-an ni ìsìnkú tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná, a kò sì parí rẹ̀. Lójú tiwa, kí a tó tún jókòó lé e lórí, ó yẹ kí gbogbo wa mọ ẹni tó gbé eré náà kalẹ̀ àti ohun tó ná an.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni Ògúnmọ́lá. Ìlú Fábùnmi ni, akọni tí a kò lè dárúkọ ogun Kírìjì kí a má dárúkọ rẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí Kọ́lá. Ó kàwé, ó sì di tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Láyé ìgbà náà, tíṣà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Owó oṣù wà, ọ̀wọ̀ wà, àwọn òbí ọmọ a sì máa gbé iṣu wá fún un. Ẹni tó bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí orin àti ijó, ẹbí rẹ̀ yóò ní kí wọ́n bá a wádìí orí rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1944, Hubert Ògúndé, tó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré Bíbélì kan fún ìjọ rẹ̀ l'Ékòó, ẹsẹ̀ kò sì gbèrò. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó ń ti ìlú dé ìlú, títí kan Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá eré rẹ̀ dúró ní ọdún 1946, tí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ẹ ò rí i pé eré Yorùbá ti ń tẹ̀ lé àwa ará àjò bọ̀ láti ìgbà yẹn.

Bí Ògúndé ti ń ṣe yìí ni Ògúnmọ́lá náà gbọ́njú sí. Ní nǹkan bí ọdún 1947 ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ. Orin ìjọ àti ìtàn Bíbélì ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí ló wá yíjú sí ìwà àwọn ènìyàn tí a jọ ń gbé: ọkọ àti aya, olówó àti àwọn tó yí i ká, ọ̀rẹ́ àti ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ pátápátá, ó sì fi Òṣogbo ṣe ibùdó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú oníṣòwò wo ohun tó dáwọ́ lé. Kò sí ìjọba tó ń san owó oṣù fún un. Ọkọ̀ ni yóò háyà, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ìwé ni yóò sanwó rẹ̀, yóò tẹ ìwé ìpolówó, yóò sì bọ́ àwọn ọmọ eré rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí èrò kò jáde, gbèsè ni. Bí èrò bá jáde, owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ni wọn yóò fi jẹun, òun náà ni wọn yóò fi ra epo dé ìlú kejì. Ọjà ni, bí ọjà tiwa náà, àfi pé ohun tó ń tà kò ṣeé kó padà sínú ṣọ́ọ̀bù bí kò bá tà.

Eré rẹ̀ tó kọ́kọ́ lókìkí ni Ìfẹ́ Owó. Ọkùnrin kan wà tí nǹkan rẹ̀ ń lọ déédéé, tó ní ìyàwó rere nílé. Ó wá fẹ́ ìyàwó mìíràn tó jẹ́ pé owó ló fẹ́, kò fẹ́ òun. Ilé dàrú, owó tán, ẹni tó tìtorí owó wá sì bá owó lọ. Ìtàn tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ènìyàn fi ń rẹ́rìn-ín tí yóò tún máa fi ojú wá aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tó mú Ògúnmọ́lá yàtọ̀ ni pé kò gbẹ́kẹ̀ lé ariwo. Ògúndé a máa lo fèrè òyìnbó àti ọ̀wọ́ àwọn ọmọbìnrin oníjó. Dúró Ládiípọ̀ tí òun náà wà l'Óṣogbo gba ọ̀nà ìtàn àwọn ọba, ó sì gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963. Ní ti Ògúnmọ́lá, ojú àti ara rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe onígbèéraga, ọrùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀. Bó bá fẹ́ ṣe ẹni tí ebi ń pa, ọ̀nà tó gbà wo oúnjẹ ti tó. Àwọn tó mọ eré ṣe sọ pé kò sí òṣèré tó jù ú lọ nígbà ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1962, Yunifásítì Ìbàdàn pè é, wọ́n sì fi owó ìrànwọ́ àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà gbà á sílé ẹ̀kọ́ eré fún oṣù mẹ́fà. Ẹ kíyè sí èyí: ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣe eré, òkìkí rẹ̀ ti kàn, síbẹ̀ ó jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Lánkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní ọdún 1963. Inú ìwé tí Amos Tútùọlá ọmọ Abẹ́òkúta kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Ògúnmọ́lá ló dá a padà sí Yorùbá tó ti wá. Demas Nwoko, ọmọ Ìgbò láti Idumuje-Ugboko, ló ṣe aṣọ àti ìtàgé. Ọmọ Yorùbá nìkan kọ́ ló gbé eré Yorùbá yìí ró.

Ìtàn náà rèé fún ẹ̀yin ọmọ. Lánkẹ́ kò mọ iṣẹ́ kankan àfi ẹmu mímu. Nínú ìwé Tútùọlá, akèrègbè 150 ni adẹ́mu rẹ̀ ń dá láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá Lánkẹ́ mu sì fọ́n ká. Ó wá gbéra láti wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ó sì bá oríṣiríṣi abàmì pàdé lọ́nà. Ìwé náà ní ẹjọ́ kan tí àwa oníṣòwò gbọ́dọ̀ gbọ́: ajigbèsè kan tí kì í san gbèsè pa ara rẹ̀ kí ó má baà san án, agbowó kan tí kì í pàdánù gbèsè pa ara rẹ̀ kí ó lè lé e bá lọ́run, ẹni tó dúró wòran sì pa ara rẹ̀ kí ó lè rí òpin rẹ̀. Nínú eré Ògúnmọ́lá, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àlá ni gbogbo ìrìn àjò náà: ọtí ló gbé Lánkẹ́ sùn. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní etí yóò gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ìdí ọtí kì í dúró dọjọ́ ìṣòro.

Ní ọdún 1969, wọ́n gbé eré yìí lọ sí Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlú tí wọn kò gbọ́ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ojú Ògúnmọ́lá kò nílò ògbufọ̀. Ọdún 1969 yìí kan náà, ní oṣù kọkànlá, ni ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbé padà wálé láìsí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn ni èdè ẹnu wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá wà lájò kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Lẹ́yìn Algiers, àìsàn líle dá Ògúnmọ́lá gúnlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀, ara náà ló kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbádùn díẹ̀, orí ìtàgé ló padà sí. Ní ọdún 1973 ó jáde láyé, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ eré Ìfẹ́ Owó àti ti Lánkẹ́ Ọ̀mùtí wà nínú ìwé títẹ̀ títí dòní. Ìyẹn ni pé bí ó tilẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà wọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Àwọn tó ń ṣọ́ owó ìsìnkú àti ti àìsàn kò jẹ̀bi. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò lè fi eré sin òkú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ́ ọ̀rọ̀ Lánkẹ́ sórí fún oṣù mẹ́ta, tó mọ ìgbà tí a ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí a ń dọ̀bálẹ̀, ti gba ohun tí lẹ́sìnnì kankan kò lè fún un. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a má fọwọ́ kan àpò ìrànwọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe bí Ògúnmọ́lá ti ṣe: kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n pe àwọn onílé wa àti gbogbo aládùúgbò wá wò ó, kí àwa àgbà ra tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Bí èrè bá wà lẹ́yìn ìnáwó, kí ó wọ àpò ìrànwọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín yóò bá wa sin òkú, yóò sì bá wa tọ́ ọmọ.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò kí a tó pàdé. Ọlọ́run yóò tẹ́ olóògbé Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a wà lájò, a kò ní sọnù sájò. Àṣẹ.