Maxwell Fry, Ọkùnrin Tó Dá Ihò Sára Ògiri

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ mọ bí kíláàsì wa ṣe máa ń rí tí aago kan bá ti kọjá. Àwọn tó jókòó síbi fèrèsé ìwọ̀ oòrùn á máa fa àga wọn bọ̀ láàárín. Ibẹ̀ lèmi náà jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ìtàn Maxwell Fry kà.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí i nítòsí Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń dààmú wọn ju oòrùn lọ. Yunifásítì Liverpool ló ti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní 1942 ó fẹ́ Jane Drew, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ yìí kan náà. Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé Fry wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, tọkọtaya yìí ni wọ́n gbé àwòrán àwọn ilé rẹ̀ fún.

Ibẹ̀ ló wù mí jù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kì í ga, abẹ́ etí òrùlé ló ń gbà wọlé. Fry wá ní kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ó gbé bàkónì síwájú yàrá, ó sì lo ògiri kọnkéré oníhò, kí atẹ́gùn máa kọjá kí oòrùn má sì wọlé tààrà. Ilé ìkàwé ibẹ̀, tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí, irú ẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kọnkéré máa ń jẹ gbèsè. Kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì, wọ́n á sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó 1,450°C. Iná yẹn ń tú kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́, òkúta náà fúnra ẹ̀ tún ń tú u. Nínú 100 kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú, bíi 7 tàbí 8 ló ti ìdí sìmẹ́ńtì wá. Nítorí náà, ògiri oníhò ti jẹ gbèsè kó tó ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún tí a ò bá tan jẹnẹrétọ̀ torí ooru ló ń san án díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá tètè wó o, gbèsè ṣì kù nílẹ̀. Ti Ìbàdàn ti tó bí àádọ́rin ọdún, ó ṣì dúró. Kíkọjú ilé sí àríwá ní tiẹ̀ ò gba ìdajì àpò sìmẹ́ńtì!

Kì í ṣe Fry ló kọ́kọ́ mọ ìbòòji ṣá o. Ilé amọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìjàgbó níbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sun òkúta kankan kí wọ́n tó mọ ọ́n.

Ní 1951 Fry lọ sí Íńdíà, òun àti Le Corbusier jọ ṣiṣẹ́ lórí ìlú Chandigarh. Ní 1956 òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ìwé lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní London ní 1964. Ó kú ní 1987.

Lánàá mo lọ wo okùn tí wọ́n ta fún kíláàsì tuntun wa lẹ́yìn pápá. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé rẹ̀ máa kọjú sí. Wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀.